Ọbẹ̀ ni kó di oúnjẹ: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí dídín sítáàṣì àti ṣúgà kù

Láti ìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ nípa ìtọ̀ ṣúgà nínú abala yìí ni lẹ́tà ti ń wọlé láti Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń béèrè ohun kan náà: kí ni ẹni tí dókítà ní kó dín oúnjẹ onísítáàṣì kù yóò máa jẹ, kí ni yóò sì máa mu, ní ìlú tí a kì í ti í ka ẹni tí kò fọwọ́ kan òkèlè sí ẹni tó ti jẹun? Mo mú díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà, mo gé wọn kúrú, mo sì yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ti lé ní ẹni ọdún 55. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ṣe láàárọ̀ kó tó fẹnu kan nǹkan kan fi hàn pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,42 g/L, ìyẹn gíráàmù 1,42 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Dókítà ní kó dín gàrí, ìrẹsì, àkàsà àti búrẹ́dì kù gan-an, kó sì padà wá ṣe àyẹ̀wò mìíràn. Kò tíì fún un ní oògùn. Ṣùgbọ́n bàbá ní òun kì í ṣe ewúrẹ́ tí yóò máa jẹ ewé. Bí mo bá gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀ láìsí ẹ̀bà, á bi mí bóyá mo ń bá òun jà ni. Kí ni kí n máa sè? (Ìyá oníṣòwò kan, ọjà Wàndó, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Lórí ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ń fún wa nílẹ̀ yìí, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí kò tíì jẹun láti alẹ́, kì í sábà kọjá 1,10 g/L. Bí ó bá dé 1,26 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní kí bàbá padà wá. Gàrí, ìrẹsì, àkàsà, iṣu àti búrẹ́dì kò yàtọ̀ síra wọn tó bí ẹnu ṣe rò ó: bí wọ́n bá ti dé inú ìfun, ṣúgà ni gbogbo wọn ń dà, ṣúgà náà a sì gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kó o kúrò níbẹ̀ lọ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Ó jọ pé lára bàbá, iṣẹ́ yẹn kò yá mọ́ bí ó ṣe ń yá nígbà èwe, nítorí náà ẹrù tó ń wọlé ni a ní láti dín kù.

Àwọn àgbà ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: iṣu, èlùbọ́ iṣu, àgbàdo, àgbàdo. Sítáàṣì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, sítáàṣì ni wọ́n fi parí rẹ̀, wọn kò tilẹ̀ dárúkọ ọbẹ̀. Ojú tí bàbá fi ń wo àwo oúnjẹ nìyẹn, ojú tí wọ́n fi tọ́ gbogbo wa náà sì ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n sọ ọ́. Kábọ́háídíréètì ni orúkọ àpapọ̀ fún sítáàṣì àti ṣúgà. Glucides ni àwọn Faransé ń pè é, òun sì ni ẹ ó rí lára agolo àti páálí. Nínú 100 gíráàmù iṣu sísè, nǹkan bíi gíráàmù 27 ló jẹ́ kábọ́háídíréètì. Ìrẹsì sísè jẹ́ nǹkan bíi 28. Búrẹ́dì lé ní 50. Gàrí gbígbẹ, kí a tó da omi gbígbóná sí i, sì lé ní 80. Bí ó bá jẹ́ 150 gíráàmù gàrí ni ẹ fi ro ẹ̀bà alẹ́ bàbá, kábọ́háídíréètì tó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn á tó 120 gíráàmù. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ nípa oúnjẹ ló jẹ́ pé ẹni tí kò bá jẹ ju 130 lọ ní odindi ọjọ́ kan ni wọ́n ń kà sí ẹni tó ń jẹ kábọ́háídíréètì níwọ̀nba. Ẹ̀bà alẹ́ nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná gbogbo owó ọjọ́ náà tán. Nínú ẹja àti ẹran, kò sí kábọ́háídíréètì tó tó kà. Ẹyin kan kò ní tó gíráàmù kan. Epo pupa kò ní rárá. Ti wàgáṣì, wàrà dídì tí àwọn Fúlàní ń tà, kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti gbọ̀má, ewédú, tẹ̀tẹ̀, ewúro àti ilá.

Nítorí náà, ẹ má gbé ọbẹ̀ nìkan síwájú bàbá bí ẹni tó ń fi ìyà jẹ ẹ́. Ẹ pààrọ̀ àwo. Ẹ ra gbọ̀má ìdì mẹ́ta dípò ìdì kan, ẹ gé e, ẹ bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fún omi rẹ̀ dànù kí kíkorò rẹ̀ lè dín kù. Ẹ gbé epo kaná, ẹ da àlùbọ́sà, ata àti tòmátì lílọ̀ sí i, kí ẹ jẹ́ kó dín títí epo á fi léfòó, kí ẹ tó fi irú àti ẹ̀gúsí lílọ̀ sí i. Ẹ má tètè rò ó. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gúsí náà dì bí ẹyin díndín ná, kí gbọ̀má, ẹja èpìyà yíyan àti wàgáṣì díndín tó wọlé tẹ̀ lé e. Ọbẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ki tó bẹ́ẹ̀ tí ṣíbí á fi lè dúró nínú rẹ̀. Ẹ wá bu ú kún àwo fífẹ̀ tí ẹ ti ń bu ẹ̀bà sí tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì bu ẹ̀bà tó tóbi tó ẹyin méjì sínú abọ́ kékeré tí ẹ ti ń bu ọbẹ̀ sí. Ẹ̀bà wà níbẹ̀, ọwọ́ bàbá á fi kàn án, ẹnikẹ́ni kò sì lè sọ pé wọ́n fún òun ní ewé jẹ. Èmi fúnra mi rí i pé ọbẹ̀ tó ki ló dára jù fún irú ìyípadà yìí, nítorí ewédú àti ilá ń yọ̀ débi pé wọ́n á ti òkèlè lọ sọ́fun kí ẹni tó ń jẹun tó mọ iye tó ti jẹ. Bí ẹ bá se ewédú, ẹ fún bàbá ní ṣíbí.

Ní ọjọ́ tí kò bá sí àkókò, ẹja yíyan pẹ̀lú moyó tòmátì, ata àti àlùbọ́sà tútù ti tó oúnjẹ, bí ẹja náà bá tóbi. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan ti Àjàrá kò léwu ní ti ṣúgà fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ gbà á láyè. Àkàsà mẹ́rin tí wọ́n ń tò tì í ni kí ẹ dín kù. Ẹ̀wà jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Kábọ́háídíréètì inú 100 gíráàmù ẹ̀wà sísè jẹ́ nǹkan bíi 20, ṣùgbọ́n ó ní amúaradàgbà àti fáíbà, ìyẹn apá oúnjẹ tí ikùn kì í lọ̀, nítorí náà ṣúgà rẹ̀ ń rọra wọ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Àkàrà mẹ́ta tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan láàárọ̀ sàn ju ìdajì búrẹ́dì gígùn lọ dáadáa. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé a ó jẹ ẹ̀wà, a ó sì tún da gàrí lé e lórí títí funfun rẹ̀ á fi bo ẹ̀wà mọ́lẹ̀. Ẹ̀wà tàbí gàrí: kí bàbá mú ọ̀kan.

Bí wọ́n bá fún un ní oògùn nígbà tó bá padà lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìdáhùn mi sí lẹ́tà tó kẹ́yìn kí ẹ tó máa bá ètò yìí lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín. Olùkọ́ ni mí ní Kétu, mo sì wọn kílò 98. Ó tó oṣù méjì tí mo ti fi iyán àti ìrẹsì sílẹ̀ pátápátá, nítorí ohun tí mo kà lórí fóònù nípa oúnjẹ kítò, èyí tí a fi ń yẹra fún sítáàṣì àti ṣúgà fẹ́rẹ̀ẹ́ pátápátá. Kílò mẹ́rin lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́; láti ìgbà náà, ó dúró gbagidi. Kọfí nìkan ni mo ń mu láàárọ̀ ní kafetéríà; lọ́sàn-án, bísáàpù tàbí omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n fún lójú mi; lálẹ́, màálítì nígbà mìíràn. Oyin ni mo ń fi sí tíì, n kì í fi ṣúgà sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní sódàbì, ògógóró ilẹ̀ wa, ló dára jù nítorí kò ní ṣúgà rárá. Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, eyín lo pa dé, o ṣí ọ̀fun sílẹ̀.

Kílò mẹ́rin ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀rá tán. Ara a máa tọ́jú ṣúgà díẹ̀ pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, gíráàmù kan rẹ̀ sì ń di omi tó tó gíráàmù mẹ́ta mọ́ra. Bí a bá dín sítáàṣì kù, ìpamọ́ yìí á tán, omi náà á sì bá ìtọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí orí fi ń fọ́ àwọn mìíràn, tí ó sì ń rẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́. Lẹ́yìn omi ló yẹ kí ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ò ń mu kò jẹ́ kí ó ríbi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí kafetéríà ẹ̀bá ọ̀nà kan, mo sì wo ọmọkùnrin tó ń po kọfí. Ó ti lu agolo wàrà dídùn náà ní ihò méjì. Ó gbé e sókè, wàrà ń sọ̀ kalẹ̀ bí okùn funfun tí kò já, ó ń bá oníbàárà mìíràn sọ̀rọ̀, ó sì ń dà á lọ títí ìsàlẹ̀ ife fi funfun tó ìka méjì. Lẹ́yìn náà ló tó fi kọfí sí i, ó sì gbé hóró ṣúgà méjì lé etí àwo ife. Irú wàrà yẹn, ìdajì rẹ̀ àti díẹ̀ lé ni ṣúgà: nínú 100 gíráàmù, nǹkan bíi 55. Bí ó bá jẹ́ 60 gíráàmù ló dà sí i, gíráàmù 33 nìyẹn, kí a tó ka hóró méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 5. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò oní-33 sàǹtílítà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ṣúgà ni, ní nǹkan bíi gíráàmù 35. Kọfí tí o pè ní “kọfí nìkan” ti jù ú lọ. Sọ fún wọn pé kí wọ́n po kọfí dúdú fún ọ, tàbí kí wọ́n fi wàrà oníyẹ̀fun tí kò ní ṣúgà sí i, ṣíbí kan. Wọ́n á wò ọ́ lójú. Jẹ́ kí wọ́n wò.

Ìṣápá tí a fi ń ṣe bísáàpù kò lẹ́ṣẹ̀ kankan. Ohun tí olùtà dà sínú garawa rẹ̀ ni ìṣòro. Ra òdòdó ìṣápá gbígbẹ lọ́jà, sè é nílé pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù, jẹ́ kó tutù, kí o sì mu ún bẹ́ẹ̀. Ó kan díẹ̀, ẹnu á sì mọ́ ọn lára láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ti omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó, pé wọ́n fún un lójú rẹ kò yọ ṣúgà inú rẹ̀: ife oní-25 sàǹtílítà ní nǹkan bíi gíráàmù 30, èyí tó ń fà á sẹ́yìn nínú èso, ìyẹn fáíbà, sì ti ṣẹ́ kù sínú asẹ́. Bí ọkàn rẹ bá fà sí i, gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà pẹlẹbẹ méjì, kí o rún un lẹ́nu. Màálítì kò sàn ju ẹlẹ́rìndòdò lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń fún aláìsàn àti ìyá ọmọ ní ìlú wa bí ẹni pé oògùn ni. Oyin? Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, 80 àti díẹ̀ ni ṣúgà. Oyin dùn nítorí ṣúgà ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2015 pé kí ṣúgà tí a ń fi sí oúnjẹ, àti èyí tó wà nínú oyin àti omi èso, má kọjá ìdá 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ ọjọ́ kan ń fún wa, èyí tó tó nǹkan bíi 50 gíráàmù fún àgbàlagbà, àti pé ó sàn bí ó bá lè wá sí ìdajì ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ sódàbì ni n kò fẹ́ kí o gbọ́ láàbọ̀. Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ sọ pé ṣúgà kì í sí nínú ọtí tí a sè, bí wọn kò bá fi ohun dídùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tó ń fi ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ lóru nígbà tí a kò jẹun ni ẹ̀dọ̀ kan náà tó gbọ́dọ̀ palẹ̀ ọtí mọ́, iṣẹ́ ọtí ló sì máa ń kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tí kò jẹ òkèlè lálẹ́, tó wá mu sódàbì lé ikùn òfìfo, ṣúgà rẹ̀ lè wálẹ̀ lójú oorun láìsí ẹni tó mọ̀. Bí ó bá tún wà lórí oògùn àtọ̀gbẹ, ewu rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gíráàmù ọtí kan ní agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti gíráàmù ọ̀rá kan, ara á sì lo ti ọtí ṣáájú kó tó fọwọ́ kan ọ̀rá ikùn tí o fẹ́ kó yọ́. Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ dùn nítorí ṣúgà ṣì wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá fi di alẹ́, ṣúgà rẹ̀ ti ń di ọtí. Kò sí wákàtí kan lójúmọ́ tí ẹmu jẹ́ ohun mímu ẹni tó ń ṣe kítò.

Omi ni kí o máa mu. Bí omi lásán bá sú ọ, se kẹ̀nkẹ́líbà, ewé tíì tàbí ẹfinrin láìfi nǹkan kan sí i. Omi àgbọn tútù kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú, ṣùgbọ́n òun náà ní ṣúgà tó lè tó gíráàmù 10, nítorí náà má ṣe mu mẹ́ta tẹ̀léra. Bí o bá ra ohun mímu inú páálí, wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí o tó sanwó, ní ibi tí wọ́n kọ glucides sí fún 100 mílílítà. Má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “sans sucres ajoutés” tó wà níwájú rẹ̀ tàn ọ́: pé wọn kò fi kún un kò sọ pé kò sí níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àgbẹ̀ ni mí ní Ṣábẹ̀, iṣu ni mo ń gbìn, mo sì ní oko kajú. Wọ́n ní mo ní ìtọ̀ ṣúgà díẹ̀, mo sì ń lo oògùn Metformin nìkan. Ẹnì kan ní kí n fi iyán sílẹ̀, kí n máa jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n, pé kò ní ṣúgà. Ẹlòmíràn ní iṣu sísè tó bá sùn di ọjọ́ kejì kò léwu mọ́. Ẹ bá mi là á. Kajú àti máńgòrò ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Bàbá mi, ẹ kú oko o. Mo ti jẹ ìyà ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí rí. Ní ọdún tí èmi pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ṣúgà mi, ẹnì kan tó yẹ kó mọ̀ ọ́n fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò kan ẹ̀jẹ̀. Inú mi dùn, mo jẹ ẹ́ yó bámú, mo tilẹ̀ tún bu sí i. Lẹ́yìn wákàtí méjì mo gún ìka, ẹ̀rọ kọ 2,15 g/L. Mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo gún ìka kejì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti ń pọ́n, sítáàṣì rẹ̀ ń di ṣúgà, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn. Ṣùgbọ́n sítáàṣì tí kò tíì di ṣúgà nínú èèpo yóò di ṣúgà nínú ìfun. Iye kábọ́háídíréètì inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nǹkan bíi 30 nínú 100 gíráàmù sísè. Èyí tí kò pọ́n a máa lọ́ra díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí a bá ti gbẹ ẹ́, tí a lọ̀ ọ́ kúnná, tí a sì fi omi gbígbóná rò ó, púpọ̀ nínú ìlọ́ra yẹn ti lọ. Ọ̀rọ̀ iṣu àná náà ní òtítọ́ díẹ̀ nínú: bí iṣu tàbí ìrẹsì sísè bá tutù mọ́jú, apá kan sítáàṣì rẹ̀ á le débi tí ìfun kò ní lè tú u. Apá náà kéré. Iṣu àná ṣì jẹ́ iṣu.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kì í ṣe akọ̀wé tó jókòó sídìí tábìlì. Iṣan ẹni tó ń kọ ebè ń fa ṣúgà látinú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì nílò ínsúlínì púpọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, n kò ní sọ fún àgbẹ̀ oníṣu pé kó má fẹnu kan iṣu. Ẹ jẹ tiyín láàárọ̀ tàbí lọ́sàn-án lóko, ègé méjì tó mọ níwọ̀n ọwọ́, pẹ̀lú ẹja tàbí ẹyin àti epo, kí ẹ sì padà sídìí ọkọ́. Èyí tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sílẹ̀ ni iyán alẹ́, èyí tí a ń jẹ yó tí a sì gba ibẹ̀ lọ sórí ibùsùn.

Kajú: èso rẹ̀ àti kóró rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Omi èso kajú dùn, omi èso ni, ẹ wo ohun tí mo sọ fún olùkọ́ Kétu lókè. Kóró rẹ̀ yíyan ní kábọ́háídíréètì 30 nínú 100 gíráàmù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹ̀pà. Ẹ̀kúnwọ́ kan kò léwu, ṣùgbọ́n ẹni tó ní oko kajú kì í mọ ìgbà tí ẹ̀kúnwọ́ kan di mẹ́rin. Máńgòrò ńlá kan lè kó gíráàmù 40 wọlé, nítorí náà ẹ pín in pẹ̀lú àwọn ọmọ. Nínú gbogbo èso tó ń so ní àyíká wa, píà tí wọ́n ń pè ní avoká ló rọrùn jù, nítorí èyí tó pọ̀ jù nínú kábọ́háídíréètì rẹ̀ jẹ́ fáíbà. Ìrèké, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ṣúgà tó wà nílùú yín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé àṣà tuntun àwọn òyìnbó orí fóònù ni kítò yìí? Ṣé ẹyin kan lójúmọ́ kò sì pọ̀ jù? (Ọ̀dọ́mọbìnrin, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni, tuntun, rárá. Ní ọdún 1863, William Banting, ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń ṣètò ìsìnkú fún àwọn ènìyàn, kọ ìwé pélébé kan nípa bí òun ṣe fọn lẹ́yìn tí dókítà rẹ̀ ní kó yé jẹ búrẹ́dì, ṣúgà àti ànàmọ́ òyìnbó, kó sì yé mu bíà. Kítò ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1921 ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú fún àwọn tó ní wárápá, títí di òní ni wọ́n sì ń lò ó fún àwọn ọmọ tí oògùn wárápá kò ràn. Òun ló le jù nínú gbogbo ọ̀nà yìí: kábọ́háídíréètì 20 sí 50 gíráàmù lójúmọ́, èyí tí n kò rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa nílò. Ẹyin kan lójúmọ́ kò pọ̀ jù fún ẹni tí ara rẹ̀ dá.

ÌBÉÈRÈ: Oyún mi ti pé oṣù mẹ́rin. Ṣé mo lè ṣe kítò kí n má bàa sanra? (Kétu)

ÌDÁHÙN: Rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn, àti ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì láti kékeré. Dín ẹlẹ́rìndòdò àti bísíkíìtì kù, kí o sì bá agbẹ̀bí rẹ sọ̀rọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Àlàáfíà fún yín. Glibenclamide ni dókítà fún mi fún ìtọ̀ ṣúgà mi láti ọdún mẹ́ta. Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, mo rò pé àǹfààní nìyẹn láti dín sítáàṣì kù, mo sì ń fi ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ nìkan ṣe sààrì. Ní ọjọ́ kẹta, kí ó tó di Alásárì, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bò mí, ojú mi sì ń ṣú. Mo fara dà á títí di ìṣínu. Àwọn kan ní ara ló ń fọ ìdọ̀tí dànù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Bàbá kan, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ kọ́, Alàgbà. Ṣúgà yín ló wálẹ̀ jù, Ọlọ́run ló kó yín yọ. Iṣẹ́ Glibenclamide ni láti ti ara kó tú ínsúlínì sílẹ̀, kò sì béèrè bóyá ẹ ti jẹun tàbí ẹ kò jẹun. Nígbà tí ẹ ń jẹ ẹ̀bà, ó rí ṣúgà bá jà. Nígbà tí ẹ mú ẹ̀bà kúrò, tí ẹ sì tún gbààwẹ̀ lé e, ìwọ̀nba tí ara ń gbé rìn ló kọjú sí. Gliclazide náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ ínsúlínì sì ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Metformin nìkan kì í sábà fà á, ìdí nìyẹn tí ara fi tù mí díẹ̀ nígbà tí mo ń dá bàbá Ṣábẹ̀ lóhùn.

Kí ẹ tó tún dín òkèlè kù, yálà ní ààwẹ̀ tàbí ní ọjọ́ mìíràn, ẹ lọ bá dókítà tó kọ oògùn náà, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún un gan-an. Ó lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dín kù fúnra yín. Bí ọwọ́ bá tún ń gbọ̀n, ẹ wọn ṣúgà bí ẹ̀rọ bá wà nítòsí. Ohunkóhun tí kò bá tó 0,70 g/L, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀, ẹ̀sìn fún aláìsàn láàyè, ẹ ó sì san ọjọ́ náà padà. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, ẹ má dúró wá a. Hóró ṣúgà mẹ́ta ni kí ẹ rún tàbí kí ẹ pò sínú omi, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún ara wò. Bí kò bá tíì lọ, ẹ mu mẹ́ta mìíràn, kí ẹ sì jẹ oúnjẹ gidi tẹ̀ lé e. Ní irú wákàtí yẹn, ẹyin àti ẹja kò lè ràn yín lọ́wọ́, wọn kì í yára.

Ní ìṣínu fúnra rẹ̀, dàbínù mẹ́ta àti omi ti tó láti bẹ̀rẹ̀, kí àkàrà tó tẹ̀ lé e, kí ògì náà sì wá láìní ṣúgà. Ẹ di hóró ṣúgà mẹ́ta sínú ọ̀rá kékeré, kí ẹ fi í sínú àpò jàlàbíà tí ẹ ń wọ̀ lọ sí mọ́sálásí, kí ẹ sì fi han ìyàwó yín àti ọmọ tó máa ń bá yín rìn, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọn yóò na ọwọ́ sí.